Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìjíròrò lórí Ibùdó Ẹ̀rọ Átọ́ọ̀mù: Ohun tí ó Yẹ kí Ará Ìlàjẹ Lè Béèrè

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 2010, Àjọ Agbára Átọ́ọ̀mù ti ilẹ̀ Nàìjíríà ṣa ibi mẹ́rin tí yóò yẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá a lè kọ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tí ń lo agbára átọ́ọ̀mù sí ibẹ̀. Àwọn ibi náà ni Geregu ní Ìpínlẹ̀ Kogi, Itu ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, Lau ní Ìpínlẹ̀ Taraba, àti Agbájé ní agbègbè Òkìtìpupa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lẹ́yìn èyí, Geregu àti Itu ni a fà yọ gẹ́gẹ́ bí àyànfẹ́. Títí di ìgbà tí a ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, kò sí ẹ̀rọ kankan tí ń fi agbára átọ́ọ̀mù pèsè iná fún ará ìlú ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wà fún ìwádìí ni ó ń bẹ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria láti ọdún 2004.

Ẹni tí ó bá mọ ojú ilẹ̀ agbègbè náà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Agbájé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará Ìkálẹ̀ nìkan. Omi tí ń ṣàn láti ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ilẹ̀ Ìlàjẹ ni ó ń gbà kọjá kí ó tó wọ inú ọ̀sà àti òkun. Nítorí náà kò yà wá lẹ́nu nígbà tí baba apẹja kan, ní ọjà Ìgbókòdá, bi wá léèrè pé: “Tíṣà, ẹ̀rọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé wá sí Òkìtìpupa un, ṣé ìjọba ti fọwọ́ sí i ni, àbí wọn kò ì tíì fọwọ́ sí i?”

Ìbéèrè náà rọrùn létí, ṣùgbọ́n a kò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá a lóhùn. Bí a bá ní wọ́n ti fọwọ́ sí i, irọ́ ni. Bí a bá ní wọn kò fọwọ́ sí nǹkan kan, a ti fi apá kan òtítọ́ pa mọ́, nítorí pé ìjọba fọwọ́ sí yíyẹ ibẹ̀ wò. Àìtó wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì ní lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìfọwọ́sí, ni a ń lò fún ohun márùn-ún tí ó yàtọ̀ síra wọn.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn nìyí: ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi béèrè kò lè gbà ní tòótọ́, kò sì lè kọ̀ ní tòótọ́, ìbẹ̀rù tàbí ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni ó kù fún un. A óò sọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, a óò sì dábàá ọ̀rọ̀-ìperí fún àwọn ibi tí ìjíròrò ti sábà máa ń dàrú.

2. Ìlànà tí a tẹ̀lé

Kì í ṣe òní ni a ti ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ètò ẹlẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Ọ̀nà tí àwọn aṣáájú wọ̀nyí là sílẹ̀ ni a tọ̀: a yá ọ̀rọ̀ níbi tí ohun náà ti ṣàjèjì pátápátá, a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lójú, a sì ṣẹ̀dá tuntun níbi tí èdè bá ti gbà wá láàyè.

A fi òfin kan kún un. Nínú ọ̀rọ̀ tí ará ìlú yóò fi pinnu nípa ilẹ̀ àti omi wọn, ọ̀rọ̀-ìperí kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà wọ́n, kò sì gbọdọ̀ rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ẹni tí ó bá pe ẹ̀rọ yìí ní “bọ́ǹbù tí a so mọ́lẹ̀” ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí. “Iléru” ń rán wa létí iná tí a ju Ṣádírákì sí nínú Bíbélì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni “ààrò átọ́ọ̀mù”, tí ó kọ́kọ́ wu àwa fúnra wa: ààrò ni àwọn ìyá Ìlàjẹ fi ń yan ẹja, ara rọ gbogbo ènìyàn sí i. Ara rírọ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí a mú un.

3. Kóró àti lílà rẹ̀

Átọ́ọ̀mù ni a fi mọ ohun gbogbo tí ó ní ìwúwo. Ní àárín átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà tí ó kéré púpọ̀, tí ó sì gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwúwo rẹ̀. A ronú láti pè é ní “kókó”, ṣùgbọ́n ní agbègbè tí àwọn ènìyàn ti ń gbin kòkó, tí a sì sábà máa ń tẹ ìwé láìsí àmì ohùn, àṣìkà kò ní pẹ́ dé. Kóró ni a dábàá, bí a ti ń sọ pé kóró inú èso.

Kóró átọ́ọ̀mù yùréníọ́mù kan wà tí ó jẹ́ pé, bí ègé kékeré tí a ń pè ní nútírọ́ọ̀nù bá kọ lù ú, yóò là sí méjì. Bí ó ti ń là ni ooru ń jáde, tí nútírọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta mìíràn sì ń fò jáde lọ kọ lu kóró mìíràn. Èyí ni a pè ní lílà-kóró. Bí ó bá ń bá a lọ láti ọ̀kan dé òmíràn, lílà atẹ̀léra ni. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é ní ìwọ̀n tí a fẹ́ ni ẹ̀rọ alàkóró. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà bá gírámà mu, nítorí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- tí ó wà nínú “apẹja” àti “akọ̀wé” ni ó wà níbẹ̀.

Ooru inú ẹ̀rọ alàkóró ni ó ń sọ omi di oruku gbígbóná. Oruku náà ń yí ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀rọ ńlá sì ń pèsè iná. Láti ibi oruku lọ, kò yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ iná tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé: ṣé kò lè bú bí bọ́ǹbù? Kò lè bú bẹ́ẹ̀. Nínú yùréníọ́mù tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ iná ń lò, irú èyí tí ń là kò ju ìdá 3 sí 5 nínú 100 lọ; ti bọ́ǹbù máa ń tó nǹkan bí ìdá 90. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró síbi ìdáhùn yìí kò sọ gbogbo òtítọ́. Nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ alàkóró, lílà atẹ̀léra dúró, ṣùgbọ́n àwọn ègé tí ó ti là sílẹ̀ kò dẹ́kun láti máa mú ooru jáde. A pe èyí ní ooru àṣẹ́kù. Bí omi kò bá dé ibẹ̀ láti tù ú, ohun inú ẹ̀rọ yóò yọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima, ní ilẹ̀ Jàpáànù, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011 nìyẹn: nígbà tí ilẹ̀ mì, àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kú bí a ti ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n omi òkun tí ó ya bo ilé-iṣẹ́ náà gba iná lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ tí ń fa omi ìmẹ́rọtutù.

4. Ìtànṣán yàtọ̀ sí ohun atànṣán

Ibí yìí ni ó kan apẹja jù. Nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, “ìtànṣán olóró” ni a ń lò fún ohun méjì. Ọ̀kan ni ìtànṣán fúnra rẹ̀, tí ń jáde láti inú kóró tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Èkejì ni ohun tí ìtànṣán ti ń jáde, ìbáà jẹ́ eruku, omi tàbí afẹ́fẹ́. Èyí ni a pè ní ohun atànṣán.

Ẹ jẹ́ kí a fi àtùpà ṣe àpẹẹrẹ. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà ń dín kù bí a bá ti ń jìnnà sí i, ògiri sì lè dí i. Kò sí ẹni tí ó lè bù ú sínú ìgò. Ṣùgbọ́n epo inú àtùpà lè dà sínú odò, kí ó sì bá omi lọ dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà kò lè dé láéláé. Ìtànṣán ni ìmọ́lẹ̀. Ohun atànṣán ni epo. Ará Ìlàjẹ tí ó ti rí epo rọ̀bì lójú omi kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un lẹ́ẹ̀mejì. Bí aṣojú ilé-iṣẹ́ bá wí pé “ìtànṣán kò lè dé ọ̀dọ̀ yín láti Òkìtìpupa”, ó lè jẹ́ òtítọ́ ni ó sọ, ìbéèrè tí ó kù ni pé: “Ohun atànṣán ńkọ́?”

Ohun atànṣán kì í wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Àkókò tí ìdajì rẹ̀ fi ń pòórá ni a pè ní sáà ìdajì. Sáà ìdajì áyódínì-131 jẹ́ ọjọ́ 8. Ti sísíọ́mù-137 jẹ́ nǹkan bí ọdún 30. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ọdún 30, ìdajì sísíọ́mù náà ṣì wà. Lẹ́yìn ọdún 60, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ṣì kù. Sísíọ́mù jọ pòtásíọ́mù, tí gbogbo ẹ̀dá abẹ̀mí nílò, nítorí náà ẹja ń gbà á sára. Ẹja inú omi tí kò níyọ̀ ń gbà á ju ẹja òkun lọ, nítorí pé pòtásíọ́mù pọ̀ nínú omi iyọ̀ débi pé sísíọ́mù kì í rí àyè tó bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, omi odò àti omi òkun ń pàdé ara wọn, iyọ̀ inú wọn sì ń yí padà láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. A kò lè fi ìwọ̀n tí a wọ̀n ní etíkun ibòmíràn dáhùn ìbéèrè àwọn apẹja ibẹ̀. Omi tiwọn gan-an ni a gbọdọ̀ wọ̀n, kí a sì ti wọ̀n ọ́n kí ẹ̀rọ kankan tó dé.

5. Ewu àti òṣùwọ̀n ewu

Yorùbá ní ewu bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Òwe yìí fi hàn pé àwọn baba wa mọ̀ pé ewu lè wà nínú ohun, ó sì lè wà nínú ẹni tí ń tọ́jú ohun náà. Ṣùgbọ́n “ewu” kò sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó. Òkun jẹ́ ewu ní gbogbo ọjọ́. Síbẹ̀ apẹja mọ̀ pé lílọ sójú òkun ní ọjọ́ tí ó tòrò, nínú ọkọ̀ tí ó le, kò rí bákan náà pẹ̀lú lílọ nígbà ìjì. Ewu òkun kò yí padà. Òṣùwọ̀n ewu ni ó yí padà. Òṣùwọ̀n ewu ń béèrè ohun méjì: báwo ni ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, àti pé bí ó bá ṣẹlẹ̀, báwo ni yóò ti burú tó?

Àìsí ìyàtọ̀ yìí ti ba ọ̀pọ̀ ìpàdé jẹ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ a wí pé “kò léwu”; ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé òṣùwọ̀n ewu rẹ̀ kéré. Ará ìlú, tí ó ti gbọ́ nípa Chernobyl ti ọdún 1986, a gbọ́ ọ bí irọ́, kò sì ní gba ohun mìíràn tí onímọ̀ náà bá sọ gbọ́ mọ́. Ó sàn kí a wí pé: “Ewu wà nínú rẹ̀, báyìí ni òṣùwọ̀n rẹ̀ ti rí, báyìí ni a ṣe mọ̀.”

Ibùdó wà lára ohun tí ń pinnu òṣùwọ̀n ewu. Ìgbì omi tí ó dé Fukushima ga tó mítà 14 sí 15, bẹ́ẹ̀ ni mítà 5.7 ni àwọn onímọ̀ ti fi ṣe ìṣirò. Ilé-iṣẹ́ Onagawa sún mọ́ orísun ìmìtìtì ilẹ̀ náà ju Fukushima lọ, ìgbì tí ó kọ lù ú sì ga tó nǹkan bí mítà 13. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ gíga ni a kọ́ ọ sí, ó sì dúró.

Etíkun Ìlàjẹ kò ní irú ilẹ̀ gíga bẹ́ẹ̀. Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà fún òkun. Ohun tí ó mú kí etíkun wu àwọn akọ́lé-ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ omi ìmẹ́rọtutù; omi kan náà ni ó sì jẹ́ ewu ibẹ̀. Ibùdó tí ó wọ inú ilẹ̀, bí Agbájé, jìnnà sí ìgbì òkun, ṣùgbọ́n ó gbé odò lé ọwọ́ àwọn tí ń bẹ nísàlẹ̀.

A tún gbọdọ̀ béèrè bí àwọn ènìyàn yóò ti kúrò bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Agbègbè tí a gbọ́dọ̀ ti ṣètò fún ṣáájú ni a pè ní àyíká ìmúrasílẹ̀. Ní Chernobyl, a kó àwọn ènìyàn kúrò ní kìlómítà 30 yí ká. Ní Fukushima, kìlómítà 20. Irú àyíká bẹ́ẹ̀ kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìletò Ìlàjẹ ni kò ní ọ̀nà mọ́tò. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ wọn. Ètò tí a bá kọ fún mọ́tò nìkan kì í ṣe ètò fún wọn.

6. Ìfọwọ́sí márùn-ún

Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́ọ̀mù, ìpele-ìpele ni a ń gba àṣẹ. A dábàá pé kí a yé lo “ìfọwọ́sí” láìṣàlàyé, kí a sì máa dárúkọ ìpele tí a ń sọ. Yíyẹ ibùdó wò ni ti àkọ́kọ́: a ń wọn ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yíyan ibùdó ni èkejì: a fi ọ̀kan ṣáájú àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni ìwé-àṣẹ ibùdó, ìwé-àṣẹ ìkọ́lé, àti ìwé-àṣẹ ìṣiṣẹ́. Agbájé dé ìpele kìn-ín-ní. Geregu àti Itu dé ìkejì.

Ó yẹ kí ará ìlú mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Àjọ méjì ni ó wà. Àjọ Agbára Átọ́ọ̀mù, tí òfin ọdún 1976 dá sílẹ̀, ni ó ń fẹ́ kí ẹ̀rọ wà. Àjọ Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Átọ́ọ̀mù, tí òfin ọdún 1995 dá sílẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, ni ó ní agbára láti kọ̀. A pe ti àkọ́kọ́ ní àjọ olùgbékalẹ̀, èkejì ní àjọ olùyẹ̀wò. Ìdánilójú tí ó bá ti ọ̀dọ̀ olùgbékalẹ̀ wá kò lè rọ́pò ti olùyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn kò gbọdọ̀ dàpọ̀: ìfitónilétí, ìfọ̀rọ̀wérò àti ìyọ̀ǹda. Nínú ìfitónilétí, a sọ fún ọ. Nínú ìfọ̀rọ̀wérò, a gbọ́ ohun tí o sọ. Nínú ìyọ̀ǹda, bí o bá kọ̀, iṣẹ́ dúró. Òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti ọdún 1992 fún ará Nàìjíríà ní àyè láti sọ èrò wọn, ìyẹn ìfọ̀rọ̀wérò. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 sì jẹ́ kí gómìnà gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ní Fínlándì, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí a fẹ́ lò ní agbára láti kọ̀. Ìgbìmọ̀ Eurajoki ni ó gbà ní ọdún 2000 pé kí a fi àlòkù atànṣán sí abẹ́ àpáta ibẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, àwọn ará Uyombo ní etíkun Kilifi ṣe ìwọ́de ní 2024 láti kọ ẹ̀rọ tí a fẹ́ gbé wá sí ilẹ̀ wọn. Ibi tí ìyọ̀ǹda bá ní ọ̀nà nínú òfin, inú yàrá ìpàdé ni a ti ń kọ̀. Ibi tí kò bá ní, ojú títì ni.

7. Ìbẹ̀rù kì í ṣe àìmọ̀kan

Àwọn kan ń sọ pé ìbẹ̀rù ará etíkun jẹ́ àìlajú. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1988, ní Koko, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, ni a rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá àlòkù olóró tí a kó láti Ítálì wá. Kẹ́míkà ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ alàkóró. Ṣùgbọ́n àwọn tí àgbá náà wà láàárín wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ẹ̀kọ́ Koko ni pé ohun tí a kò dárúkọ fúnni ni ó ń pani. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó lo ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá láìrí iná mànàmáná lò. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ iyì iná. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: bí ewu bá jẹ́ tiwa, ṣé iná náà yóò jẹ́ tiwa?

8. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

kóró: àárín átọ́ọ̀mù, tí ó gbé ọ̀pọ̀ jù lọ ìwúwo rẹ̀.
lílà-kóró: pípín kóró sí méjì, pẹ̀lú ooru.
lílà atẹ̀léra: lílà-kóró tí ọ̀kan ń fa òmíràn.
ẹ̀rọ alàkóró: ẹ̀rọ tí a fi ń ṣàkóso lílà atẹ̀léra.
ooru àṣẹ́kù: ooru tí ń jáde lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ.
omi ìmẹ́rọtutù: omi tí ń gbé ooru kúrò lára ẹ̀rọ.
ìtànṣán: agbára tí ń jáde láti inú kóró tí ara rẹ̀ kò balẹ̀.
ohun atànṣán: ohun tí ìtànṣán ti ń jáde.
àlòkù atànṣán: ohun atànṣán tí ẹ̀rọ ti lò tán.
sáà ìdajì: àkókò tí ìdajì ohun atànṣán fi ń pòórá.
òṣùwọ̀n ewu: bí ìjàǹbá ti ṣeé ṣe tó àti bí yóò ti burú tó.
àyíká ìmúrasílẹ̀: agbègbè tí a ti ṣètò ìkúrò fún ṣáájú ìjàǹbá.
olùgbékalẹ̀, olùyẹ̀wò: ẹni tí ó fẹ́ kọ́, ẹni tí ó lè kọ̀.
ìyọ̀ǹda: gbígbà ẹni tí ó ní agbára láti kọ̀.

9. Ìkádìí

A kò sọ pé kí ará Ìlàjẹ gba ẹ̀rọ alàkóró, a kò sì sọ pé kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ṣùgbọ́n a lè dá baba tí ó bi wá léèrè ní Ìgbókòdá lóhùn nísinsìnyí: “Baba, a yan Agbájé láti yẹ̀ ẹ́ wò ní 2010. Àwọn ibi méjì mìíràn ni a fi ṣáájú rẹ̀. Kò sí ìwé-àṣẹ ibùdó fún un, kò sí ti ìkọ́lé, kò sì sí ti ìṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá padà wá, ẹ béèrè ìpele tí wọ́n dé, ẹ béèrè bóyá olùgbékalẹ̀ ni wọ́n tàbí olùyẹ̀wò, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọn omi yín.” A rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ físíìsì àti ti òfin láti yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, kí wọ́n sì tún èyí tí kò bá tọ́ ṣe, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó bá wa lójijì.